“Mọ́mì, Ẹ Fi Ṣe Ọlọ́run”: Ẹ̀bẹ̀, Bọ́ḿpà àti Ínṣọ́ránsì n'Ìbàdàn

Tí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn n'Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ ò ní tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí àwọn adájọ́ á ti pé. Fọkanáísà á ti fi táyà tó ń lẹ̀ sílẹ̀. Ìyá alágbàdo á ti yí àpótí ìjókòó rẹ̀ sójú títì. Agbèrò kan á ti máa fọwọ́ júwe pé kí àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti yọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, á ní, “Kò dé ṣáásì, kò dé ṣáásì, ẹ fọkàn balẹ̀.” Ẹjọ́ náà kì í pẹ́. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ta ló jẹ̀bi. Wọ́n á wo ọkọ̀ tó dára jù nínú méjèèjì, wọ́n á wo ẹni tó dàgbà, wọ́n á wo ẹni tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára ni wọ́n máa ń yíjú sí láti bẹ̀. Bí onítọ̀hún bá wá jẹ́ obìnrin tó ti tó ẹni tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: “Ẹ̀yin náà bímọ, Mọ́mì. Ẹ fi ṣe Ọlọ́run.”

Mi ò bú àwọn adájọ́ ẹ̀bá títì yìí. Àwọn ni kì í jẹ́ ká na ara wa pa. Títí di òní, àwọn àgbà ìlú yìí kan ṣì ń pe rodi séfútì ní Májà-májà, orúkọ tó ti wà láti ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Awakọ̀ Ìbàdàn nílò ẹni tó máa sọ fún un pé kó má jà. Ẹ̀yin tí ẹ ti há sí Ọjà-Ọba lọ́jọ́ ọjà mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi tí èmi àti wọn ò ti fẹnu kò ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń fi àyà fa ilẹ̀ yìí, ìwé ínṣọ́ránsì tó yẹ kó sanwó wà nínú rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀rá pátíkúlà, lábẹ́ ìwé tí VIO fún un, ó ti ká létí. Owó ti jáde lórí ẹ̀. Síbẹ̀ awakọ̀ náà ń bẹ̀bẹ̀, ìyá alágbàdo ń bá a bẹ̀bẹ̀, ẹni tí wọ́n ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ á sì fi àánú gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan tí kò tó owó pẹ́ńtà, á máa lọ sílé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Mọ́kọ́lá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nísàlẹ̀ afárá, níbi tí àwọn tó ń bọ̀ láti Dúgbẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ gba Sángo ti máa ń há mọ́ra wọn. Ọkọ̀ iwájú mi dúró. Mo dúró. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi nínú Corolla ò dúró.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ó ti wà nílẹ̀. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí ojú rẹ̀. Bọ́ḿpà ẹ̀yìn mi là láti ẹ̀gbẹ́ títí dé ibi tí nọ́ńbà wà, iná ẹ̀yìn apá ọ̀tún fọ́ yángá sí títì, búùtù sì ti tẹ̀ wọnú débi pé kò ṣeé tì mọ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dún kẹ̀ẹ̀, á sì tún sọ sókè. Tirẹ̀ burú ju tèmi lọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ká, omi rédíétọ̀ sì ń kán sórí ọ̀dà.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ló wà nínú àkáǹtì mi. Ọkọ̀ bùrọ̀dá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì.”

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ti dé. “Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ.”

Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ọjà Aráròmí ní Agodi Gate rí, tó ti dúró níwájú àwọn tó ń ta sípéà páátì tòkunbọ̀, á mọ̀ pé ₦20,000 ò lè ra iná ẹ̀yìn yẹn, ká má tíì dé orí bọ́ḿpà, ká má tíì pe páńbítà, ká má tíì pe pẹ́ńtà. Mo ní kó mú pátíkúlà ọkọ̀ wá. Ojú àwọn adájọ́ yí padà. Wọ́n rò pé mo fẹ́ gba ìwé rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi sanwó, bí àwọn èèyàn ti máa ń ṣe. Ó gbé ọ̀rá náà jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí búùtù mi tó ti tẹ̀: láìsẹ́ǹsì, ìwé ẹni tó ni ọkọ̀, ìwé pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó, ìwé kan tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò lórí.

“Ìwé kí lèyí?”

“Ìwé ọlọ́pàá ni, Mọ́mì. Òun ni wọ́n máa ń béèrè tí wọ́n bá dá wa dúró.”

Mo ní kó dìde nílẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ti san owó mi kí ìwọ tó gbá mi. Kò yé e. Kò yé ìyá ẹlẹ́pà náà, ẹni tó bojú wò mí láti òkè délẹ̀ tó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì rẹlẹ̀ rárá, pé àwọn Mọ́mì ayé òde òní yìí le o.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà, torí mo ti wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń wakọ̀ ò kà á rí. Láti 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, ni wọ́n ti ṣòfin third party fún ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn ínṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ bá ṣe ní jàm̀bá, nítorí ẹni tí ọkọ̀ bá pa tàbí tó bá ṣe léṣe. Òfin ínṣọ́ránsì ti 2003 wá fi dúkìá kún un: ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wakọ̀ lójú pópó, tàbí kó jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á, láìní ínṣọ́ránsì tó lè tún dúkìá ẹlòmíràn ṣe, ó kéré tán, dé mílíọ̀nù kan náírà. Lábẹ́ òfin 2003 yẹn, nígbà tó ṣì wà, ẹni tó bá rú u lè san ₦250,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, ó sì lè rí méjèèjì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023, NAICOM, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, gbé owó ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000 lọ sí ₦15,000. Ariwo tí a pa nígbà yẹn pọ̀. Èyí tí a ò gbọ́ nínú ariwo náà ni pé ohun tí ilé-iṣẹ́ lè san lórí dúkìá ẹni tí o bá kọlù kúrò ní mílíọ̀nù kan, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń san ₦5,000, tirẹ̀ dé mílíọ̀nù méjì. Ọ̀kadà ń san ₦3,000, tirẹ̀ dé mílíọ̀nù kan. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003, third party sì ṣì jẹ́ dandan.

₦15,000 fún odidi ọdún kan. Lóde òní, owó yẹn ò lè kún táńkì ọkọ̀ kékeré.

Báwo ló ṣe wá di ìwé ọlọ́pàá? Mo rò pé ibi tí a ti ń rà á ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún pátíkúlà ṣe kì í lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kankan. Ó máa lọ bá èjéǹtì tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láìsẹ́ǹsì, á ka owó kan ṣoṣo fún un, èjéǹtì á sì kó gbogbo ìwé wá lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀. Ibi tó ti wá ń gbọ́ orúkọ ìwé náà lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá sì kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025 àwọn á máa yẹ third party wò káàkiri orílẹ̀-èdè, gbogbo wa sáré lọ rà á bí ẹni sá fún òjò. A rà á kí wọ́n má baà mú wa. Ọkọ̀ tí a lè bà jẹ́ ò sí nínú èrò wa rárá.

Ayédèrú sì pọ̀ nínú wọn. Èjéǹtì kan lè tẹ ìwé tó dára ju ojúlówó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àkójọpọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NIID. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, ní askniid, tí o bá fi nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, á sọ fún ọ bóyá ínṣọ́ránsì ọkọ̀ náà wà láàyè tàbí ó ti kú. Lórí títì Mọ́kọ́lá yẹn, pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀, ohun tí mo fi fóònù mi ṣe nìyẹn. Ó jáde. Ọkọ̀ náà ní ìwé tòótọ́. Mo fi han ọmọ náà, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fi fọ́tò òkèèrè hàn.

Mo mọ ìdí tí a fi ń sá. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Lójú wa, ínṣọ́ránsì, ọlọ́pàá àti kóòtù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tí o bá ti dárúkọ ọ̀kan, wọ́n rò pé o ti kéde ogun. Ẹ̀rù sì wà pé ọkọ̀ lè sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí o fẹ́ lọ gbé àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ò lè gbà pé kó sùn síbẹ̀ lálẹ́ kan. Àwọn àlùfáà kan sì wà tí wọ́n kọ ínṣọ́ránsì nítorí èlé àti tẹ́tẹ́ tí wọ́n rí nínú rẹ̀; takaful, ìyẹn ínṣọ́ránsì tó bá òfin Ìsìláàmù mu, ti wà ní Nàìjíríà fún irú wọn, NAICOM ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde láti 2013, nítorí náà ẹnu wọn ti yẹ kó dákẹ́ díẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ojóò ló kọ ọ́ sẹ́yìn pé Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni ínṣọ́ránsì òun. Àmín. Ṣùgbọ́n èwo ni ti ẹni tí o gbá?

Síbẹ̀, mo ti gba ẹ̀bẹ̀ rí, mo sì máa gbà á lọ́la. Awakọ̀ Máíkírà kan fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ gbá dígí ẹ̀gbẹ́ mi ní Dúgbẹ̀. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ti páákì, ó ti pe ọmọkùnrin kan tó ń ta gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti wọn ojú dígí náà, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó san owó ẹ̀ lójú mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì,” ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ta ló máa gbé ìyẹn lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò? Ohun tó bàjẹ́ ti di títúnṣe níbi tó ti bàjẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó bà á jẹ́. Irú ìparí bẹ́ẹ̀ ò ní àbùkù.

Èyí tó ní àbùkù ni ìlérí. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ gba ti ọkùnrin kan tó ní kó dìgbà tí wọ́n bá sanwó oṣù. Ọkùnrin náà múra dáadáa, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó fún un ní nọ́ńbà fóònù, ó sì pè é lójú ẹ̀ kí ó lè rí i pé ó ń dún. Lópin oṣù, ó ṣì ń dún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní nọ́ńbà náà ti kú. Ọ̀rẹ́ mi ò ya fọ́tò, kò kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ó ti fojú àánú wò ó, ó sì rò pé yíya fọ́tò á dà bíi pé òun ò gbà á gbọ́.

Ti ara èèyàn wá burú jù. Ẹnìkan ládùúgbò wa fi ọkọ̀ kan ọ̀kadà, obìnrin tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà ṣubú, ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní kò sí nǹkan. Wọ́n fún un ní ₦5,000 kó fi ra oògùn, gbogbo èèyàn ṣàdúrà, wọ́n túká. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, apá ti wú. Egungun ti ṣẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá ilé ẹni náà rí, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, owó tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà tí yóò parí, torí kò sí ìwé kankan tó sọ pé ó ti parí. Third party tí ọkùnrin náà ní lè bo irú ìpalára yẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, ó ti san owó, ó ti ṣèlérí èyí tó kù. Nígbà tó wá rántí wọn, ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀.

Ohun tí mo wá mọ̀ nípa èyí, ọ̀dọ̀ obìnrin tó gbé ìpè nílé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọmọ Mọ́kọ́lá náà ni mo ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ẹni tó ni ọkọ̀, ni pé, “Ṣé ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn owó kankan, sà?” Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ pé ẹni tó ni ín ò gbọdọ̀ jẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ ṣèlérí owó, kò gbọdọ̀ san án, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ gbà. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe dojú kọ gbogbo ohun tí ìyá ẹlẹ́pà kọ́ wa. Lójú títì, ẹni tí kò bá tètè jẹ́wọ́, ìkà ni. Nínú ìwé, ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti há. Èèyàn lè bẹ̀bẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní ẹ má bínú, kó má sì dárúkọ owó kankan. A ò tíì kọ́ ọ, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀bẹ̀ tí kò ní owó nínú, ẹnu lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n náà kọ́kọ́ pariwo mọ́ mi lórí fóònù, ó rò pé mo fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun. Nígbà tó yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Màmá. Ó kọ fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ wa di kíkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ní àwọn fẹ́ ìwé láti ibẹ̀. Mo fi fọ́tò tí mo yà kí a tó sún ọkọ̀ kúrò lójú títì ránṣẹ́. Mo ní kí páńbítà mi kọ iye tí iṣẹ́ náà máa gbà. Ọ̀gá náà gbọ́ pé kọ́ńpìnnì ló fẹ́ sanwó, ó sì kọ iye tí a lè fi ra ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n rán ẹnìkan wá wo ọkọ̀ mi. Ó wò ó dáadáa, ó tẹ búùtù náà wò, ó fi ọwọ́ ra ojú ibi tí bọ́ḿpà ti là, ó sì béèrè bóyá mo mọ̀ pé páńbítà mi ti ka iná ẹ̀yìn apá òsì mọ́ ọn. Ti apá òsì ò fọ́. Mo wo páńbítà, páńbítà wo òkè.

Ó pẹ́, mi ò ní purọ́. Ó pẹ́ débi pé mo fi okùn so búùtù, mo fi wáyà so bọ́ḿpà, mo sì ń wà á lọ sí Sẹkitéríàtì bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá mo ti ń kó iṣu láti Ṣakí. Wọ́n ní kí n tún fi ìwé kan ránṣẹ́ tí mo ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbé ìpè lánàá ò sí lórí ìjókòó lónìí. Owó tí wọ́n fẹ́ san wá kéré sí iye tí páńbítà kọ, torí orí owó tòkunbọ̀ ni wọ́n gbé bọ́ḿpà lé. Mo wo iye náà. Ó tó iṣẹ́ náà ṣe, bí páńbítà bá bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo fọwọ́ sí ìwé pé mo gbà á àti pé ọ̀rọ̀ ti parí, owó sì wọ àkáǹtì mi. Ó jẹ́ ìlọ́po mélòó kan ogún ẹgbẹ̀rún tí ọmọ náà fẹ́ fún mi. Láti ọwọ́ rẹ̀, kọ́bọ̀ ò jáde.

Ẹni tí kò bá lè dúró, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́la, ọ̀nà yìí máa ni ín lára. Mi ò ní bá a jà tó bá gba owó ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní comprehensive, èyí tó ń tún ọkọ̀ ẹni fúnra ẹni ṣe. NAICOM ní owó ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, ìyẹn ni pé ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà á san ₦300,000 lọ́dún. Nínú irú ìyẹn, owó kan sábà máa ń wà tí ìwọ fúnra rẹ á kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó fi tirẹ̀ kún un, ẹ̀dínwó sì wà fún ẹni tí kò béèrè ohunkóhun lódidi ọdún. Tí ẹnìkan bá fi èékánná ya irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó o wá lọ kọ fọ́ọ̀mù lórí ìyẹn, o lè pàdánù ẹ̀dínwó rẹ. Ọkọ mi ń ṣe irú ìṣírò yìí lórí ìwé kékeré, ó sì sábà máa ń pinnu pé ká fojú fò ó. Ní ti ìyẹn, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbá, tí ẹni tó gbá a ní third party, kò ní irú ìṣírò yẹn láti ṣe. Third party ti ara rẹ̀ ò lè tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ti ẹnìkejì ló lè tún un ṣe. Kí ló máa pàdánù tó bá béèrè? Àsìkò, àti orúkọ rere lójú ìyá ẹlẹ́pà. Mo ti foríjì ọmọ Mọ́kọ́lá yẹn láti ìgbà tí mo ti rí ìpàkọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Bọ́ḿpà ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń foríjì èèyàn.

Nítorí náà, kí a tó sún ọkọ̀, mo máa ń ya fọ́tò nísinsìnyí: ọkọ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, nọ́ńbà méjèèjì, ojú títì. Lẹ́yìn náà ni a óò kúrò lọ́nà kí àwọn OYRTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, má baà rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo máa ń wo askniid kí n tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti kan èèyàn, bó ti wù kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín tó, ilé ìwòsàn ló kàn, lẹ́yìn náà àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni parí ìyẹn lójú títì.

Láìpẹ́ yìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ àbúrò mi ní Bódìjà, mo sì wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ tó ń wà á ò tíì pé ogún ọdún, ó ti ń sunkún. Mo wò ó lórí fóònù: kò sí ínṣọ́ránsì kankan lórí kẹ̀kẹ́ náà. ₦5,000 tó yẹ kó bò ó fún odidi ọdún, ẹnikẹ́ni ò san án. Àwọn adájọ́ ti pé, wọ́n ti ń sọ fún àbúrò mi pé kó fi ṣe Ọlọ́run, ó sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bi ọmọ náà pé ta ló ni kẹ̀kẹ́. Ó ní Alhaji kan ni, òun ń san án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi di tòun. Mo rántí pé òfin ò dá awakọ̀ nìkan mú, ó mú ẹni tó jẹ́ kó wà á pẹ̀lú. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà Alhaji náà. Ó ní Alhaji á bínú. Mo ní kó fún mi bẹ́ẹ̀.